Ìrìn Tí Ń Bẹ Nínú Ohun Tó Dúró

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ iná. Ẹ jẹ́ kí àwọn kéékèèké wà níwájú. Ẹ gba ìlẹ̀kẹ̀ yìí, kí ẹ máa fi lé ara yín lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má bàa bọ́ sínú eérú. Sègi ni. Ẹ gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn, ẹ ó rí i pé ó rí bí aró. Ó yá, ẹ gbé e kọjú sí ọwọ́ iná, kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣé ẹ rí i pé ó ti ń fà sí àwọ̀ ewé? Ìyanu kan nìyẹn, àmọ́ òun kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ pè yín jọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé nǹkan tó le tó yìí, tí ẹ bá sọ ọ́ mọ́ òkúta tó máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, bí inú omi ṣe rí gẹ́lẹ́ ni inú rẹ̀ rí. Àwọn èérún tó kó ara wọn jọ sínú rẹ̀ kò tò, wọn kò jókòó. Wọ́n ń lọ ni, ọ̀nà dí mọ́ wọn, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́ òní.

Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ fún wa. Ní apá àríwá ìlú náà, igbó kan wà tí à ń pè ní Igbó Olókun. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń walẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń hú ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ará ìṣáájú jáde. Ní ọdún 1910, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé ibẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀, ó rí ìkòkò amọ̀ tí dígí yíyọ́ gbẹ mọ́ nínú, ó sì rí àwọn orí tí wọ́n mọ tó dà bí ẹni pé wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kò lè gbà pé àwọn baba wa ló ṣe é. Ó ní Atlantis ni, ìlú àwọn Gíríìkì tó ti sọnù. Àwọn mìíràn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tún rọra sọ ọ́ lọ́nà mìíràn: wọ́n ní àwọn ará Ifẹ̀ ra dígí lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó gba aṣálẹ̀ wá, pé ńṣe ni wọ́n kàn tún un yọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí, torí àìwádìí ló bí i.

Ṣùgbọ́n òótọ́ kì í sọnù sínú dígí. Ní ọdún 2006, James Lankton, Akin Ige tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbẹ̀ ní Ifẹ̀, àti Thilo Rehren tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀. Tí ẹ bá dá dígí náà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀ jẹ́ ẹfun òkúta, nǹkan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn sì jẹ́ ohun tó ń wá láti ara òkúta líle tí wọ́n ń pè ní àlúmínà. Dígí Lárúbáwá ìgbà náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ti Yúróòpù kò rí bẹ́ẹ̀. Ti Íńdíà náà kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2011 sí 2012, ọmọ wa kan, Abidemi Babatunde Babalola, gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000 lọ, ó rí àpáàdì ìkòkò ìyọ́dígí tó ju 800 lọ, pẹ̀lú ìdọ̀tí dígí tó ṣẹ́ kù lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ náà ti wà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti rí ní Gao lọ́hùn-ún ní Mali. Ẹ ò rí i pé àwa là ń tà, kì í ṣe pé à ń rà.

Ẹfun òkúta tí mo dárúkọ yẹn kò jìnnà sí wa. Ẹ kọjá Ìfọ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ẹ ó dé Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa irú òkúta bẹ́ẹ̀ fi ṣe sìmẹ́ńtì láti nǹkan bí ọdún 1960. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ ń mu pàápàá, ní Agbara, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ni ilé iṣẹ́ Beta Glass ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Iyanrìn, ẹfun òkúta àti sódà ni wọ́n ń yọ́ pọ̀. Ìdílé kan náà ni ìgò yín àti ìlẹ̀kẹ̀ ọba.

Ẹ wáá jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí inú iṣẹ́ yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀ wa wà. Wọ́n á kó iyanrìn òkúta àti ẹfun sínú ìkòkò amọ̀ tó lè gba iná mọ́ra, wọ́n á fẹ́ iná sí i títí ìgbóná á fi kọjá 1,000 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígírédì. Ohun tó wà nínú ìkòkò á yọ́, á máa ṣàn. Tí wọ́n bá yọ ọ́ síta, kò ní le lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ ki bí ògì, á wá máa ki sí i, á dà bí oyin, á wá dà bí ọ̀dà. Àárín ìgbà yẹn ni oníṣẹ́ ọwọ́ ní láti yára. Á dì í mú níhìn-ín, ẹlòmíràn á dì í mú lọ́hùn-ún, wọ́n á fà á gùn di pọ́npọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò nínú, wọ́n á wá gé e sí kéékèèké. Bí wọ́n ṣe fa ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ nìyẹn.

Ẹ bi ara yín léèrè: ta ló lè fa omi gùn bẹ́ẹ̀ kó tó di yìnyín? Kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Omi kì í ki kó tó dì. Ó ń ṣàn, ó ń ṣàn, ó wá dì. Iyọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí omi bá dì, àwọn èérún rẹ̀ tò sí ìlà bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń tò lówùúrọ̀, oníkálukú mọ ibi tirẹ̀. Dígí nìkan ni kì í tò. Kíki ló ń ki títí ó fi le. Gbogbo iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ dúró lórí àkókò kíki yẹn: ìgbà tí nǹkan ti tutù ju ibi tó yẹ kó ti tò lọ, tí kò sì tò, tó ṣì ń ṣàn díẹ̀díẹ̀. Àwọn baba wa kò ní ìwọ̀n ìgbóná lọ́wọ́, ojú ni wọ́n fi ń wo àwọ̀ iná, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń mọ bí ó ṣe wúwo tó. Tí wọ́n bá fi í sínú ìgbóná àárín pẹ́ jù, àwọn èérún á rí àyè tò, dígí á ṣú, kò ní dán mọ́. Tí wọ́n bá jẹ́ kó tutù lójijì jù, á sán. Àárín méjì yẹn ni wọ́n ń gbà. Bí ẹni kan bá sọ fún yín pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò sí nílẹ̀ wa nígbà náà, ẹ ní kó wá fa dígí gùn kí ẹ rí i.

Ìwọ ọmọ yìí béèrè pé ṣé omi náà lè tutù kọjá ibi tó yẹ kó ti dì. Ìbéèrè gidi ni. Ó lè ṣe é. Omi inú ike tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, tí ẹ kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀, tí ẹ bá rọra tẹ́ ẹ sínú fíríṣà tí ẹ kò sì mì í, ó lè tutù kọjá òdo kó ṣì wà lómi. Àwọn tó ń ta omi tútù lójú ọ̀nà níbí mọ̀ ọ́n: o mú ike kan jáde, omi ló wà nínú rẹ̀, o wáá fi ìdí rẹ̀ gbá orí tábìlì, wàràwàrà yìnyín á gba inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú rẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé oògùn ni. Daniel Fahrenheit, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n ìgbóná kan, ti kọ̀wé lé e lórí ní ọdún 1724. Ohun tó fà á ni pé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, àwọn èérún díẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tò kí àwọn tó kù rí wọn tẹ̀ lé. Tí kò bá sí eruku tàbí ìfarapa lára ike tí wọ́n lè fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa rìn kiri, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ tò. Omi tó mọ́ gan-an lè lọ báyìí títí dé nǹkan bíi 40 ìsàlẹ̀ òdo.

Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ omi di dígí. Jacques Dubochet, ará Switzerland, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n mú omi tó fẹ́lẹ́ bí awọ, wọ́n tì í bọ inú nǹkan tó tutù burúkú lójijì, àwọn èérún kò rí àsìkò tò rárá, omi náà le gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ohun tó bá wà nínú omi náà, ìbáà ṣe kòkòrò àrùn, kò ní bàjẹ́, torí yìnyín kò gún un. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi rí bí kòkòrò àrùn kòrónà ṣe rí. Dubochet àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2017.

Ó dáa. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú nǹkan náà bó ṣe ń ki? Ibí yìí ni kí ẹ fọkàn sí.

Gbogbo yín ló mọ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láti Ibafo wá sí Mowe níbí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí ìpàdé ńlá bá wà ní Redemption City, tàbí tí tírélà bá ṣubú. Ọkọ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀ kò kú. Ẹ́ńjìnnì ń dún. Awakọ̀ ń sún un síwájú díẹ̀, ó ń fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó ń yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, ó tún ń yí i sósì, ṣùgbọ́n kò kúrò láàárín àwọn tó yí i ká. Wọ́n ti sé e mọ́. Ẹ sì ronú sí i: òun náà wà lára àwọn tó sé àwọn yẹn mọ́. Oníkálukú ni ẹlẹ́wọ̀n, oníkálukú sì ni ògiri ẹ̀wọ̀n ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni èérún kọ̀ọ̀kan ṣe wà nínú dígí tó ń tutù. Ìgbóná tó kù lára rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Ó ń gbọ̀n, ó ń kọlu àwọn aládùúgbò rẹ̀ láìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì lọ síbì kan.

Ó wá di ìgbà kan, aládùúgbò kan yẹ̀ díẹ̀, àyè ṣí. Èérún náà fò bọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sí àyè tó fi sílẹ̀, ẹni tó tún wà lẹ́yìn ìyẹn tẹ̀ lé e. Wọ́n tò tẹ̀ léra wọn bí okùn. Ẹ ti rí i lójú ọ̀nà: ọkọ̀ kan rí àlàfo, mẹ́rin márùn-ún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ tún há. Ní ọdún 1998, Claudio Donati, Sharon Glotzer àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò irú èérún bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí ìrìn onílà-okùn yìí kedere. Ó wù mí púpọ̀ pé ìṣirò lásán fi hàn wá ohun tí kò sí ojú tó lè rí i.

Ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ibi gbogbo ló ń há dọ́gba. Ẹ lè gbọ́ pé ọwọ́ Ibafo ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí ọwọ́ Mowe kò mira rárá. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ó gbọ́ pé ó ti yí padà. Nínú dígí tó ń tutù, agbo kan ń yára, agbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúró gbagidi, bẹ́ẹ̀ kò sí ohunkóhun láàárín wọn. Ní ọdún 2000, Eric Weeks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ojú rí i. Wọ́n kó àwọn kóro oníke roboto, tí méjì wọn kò tó ìdá kan nínú igba ìbú mílímítà kan, sínú nǹkan olómi kan, wọ́n kó wọn pọ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há mọ́ra, wọ́n wá fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn. Wọ́n rí ẹ̀wọ̀n náà. Wọ́n rí bíbọ́ jáde. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń bọ́ jáde máa ń wà ní agbo kan náà, wọn kì í fọ́n káàkiri.

Mo fẹ́ kí ẹ rí ibi tí òwe ojú ọ̀nà yìí ti ń pin, kó má bàa tàn yín. Lójú ọ̀nà, ohun tó dí i wà, ẹ lè fi ìka tọ́ ọ: tírélà nìyí, kòtò nìyí. Nínú dígí, kò sí tírélà tó ṣubú. Tí ẹ bá lè ya fọ́tò àwọn èérún nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣàn, tí ẹ tún ya ti ìgbà tí wọ́n ti há, tí ẹ gbé méjèèjì ka orí tábìlì, ó máa ṣòro fún yín láti mọ èwo ni èwo. Àwòrán kan náà ni. Àmọ́ ọ̀kan ń rìn, ọ̀kan kò lè rìn. Ibẹ̀ ni ìyanu náà wà gan-an, ibẹ̀ ló sì ti ń dààmú àwọn onímọ̀. Ohun tó yàtọ̀ kò sí nínú àwòrán, inú ìrìn ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà díẹ̀. Ní ọdún 1827, Robert Brown, ará Scotland tó ń wádìí ewéko, fi awò wo àwọn èérún tó jáde láti inú àtíkè òdòdó nínú omi, ó rí i pé wọ́n ń jó, wọn kò sinmi. Ní 1905, Albert Einstein ṣe ìṣirò ijó yẹn: àwọn èérún omi tí a kò rí ló ń gbá wọn. Ó sì fi òfin kan lélẹ̀ tó rọrùn láti mọ̀. Bí nǹkan olómi bá ṣe ki tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà nínú rẹ̀ á ṣe rọra tàn káàkiri tó. Tó bá ki ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìtànkálẹ̀ á fà sẹ́yìn ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyẹn tọ̀nà fún omi, fún epo, fún oyin, fún ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń ṣàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn àwọn nǹkan olómi tó ti tutù kọjá ààlà wọn, tó sún mọ́ dídi dígí, òfin náà kò mú wọn mọ́. Wọ́n ti ki gidigidi, àmọ́ àwọn èérún wọn ṣì ń tàn káàkiri yára ju bí òfin ṣe sọ lọ, nínú àwọn kan títí dé nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Báwo? Ẹ padà sójú ọ̀nà wa. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí òpópónà yóò tú tán, agbo tó há jù lọ ni ẹ ó wò, torí òun ni gbogbo ènìyàn ń dúró dè. Tí ẹ bá wáá fẹ́ mọ bí àwọn ọkọ̀, tí ẹ bá kà wọ́n pọ̀, ṣe rìn jìnnà tó lọ́jọ́ náà, àwọn agbo tó rí àyè sáré ni wọ́n máa gbé iye náà ga. Kíki ń gbọ́ tàwọn tó lọ́ra, ìtànkálẹ̀ ń gbọ́ tàwọn tó yára. Nínú omi lásán, kò sí àwọn méjì yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo èérún ń rìn bákan náà, ìdí nìyẹn tí òfin Einstein fi bá a mu. Bí agbo bá ti ń pínyà, ìwọ̀n méjèèjì náà ń pínyà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ àlàyé yìí, mo jókòó, n kò lè dìde. Ohun tí ojú kò rí ní ń pàṣẹ fún ohun tí ọwọ́ ń dì mú.

Ẹ fẹ́ mọ bó ṣe ń ki tó? Nígbà tí nǹkan bá dé ibi tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti di dígí, kíki rẹ̀ ti tó ìlọ́po kíki omi ní 1 tí òdo 15 tẹ̀ lé. Ohun tí èérún inú omi ń ṣe láàárín ìdá kékeré tí a kò lè fọkàn yàwòrán nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, èérún ibẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ṣe é tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá tún dín ìgbóná kù díẹ̀ sí i, ó di ọdún. Ẹ dín in kù sí i, ó di ọ̀rúndún.

Ní Yunifásítì Queensland ní Australia, wọ́n ti ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1927. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Thomas Parnell, yọ́ ọ̀dà dúdú sínú ohun èlò dígí tó rí bí èyí tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Ó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó wá gé ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ ní 1930. Ọ̀dà yẹn, tí ẹ bá fi òòlù lù ú, yóò fọ́ bí àwo. Síbẹ̀ ó ń kán. Ìkán kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ti ẹ̀yìn wá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. John Mainstone ló ń tọ́jú rẹ̀ láti 1961. Ní 1988 ó kúrò níbẹ̀ láti lọ wá nǹkan mu, ìkán náà já kó tó dé. Ní 2000 wọ́n fi kámẹ́rà sí i, kámẹ́rà náà kò ṣiṣẹ́. Bàbá náà kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ìkán kẹsàn-án já ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Èmi bọ̀wọ̀ fún ẹni tó lè fi ààbọ̀ ọ̀rúndún dúró ti nǹkan láìsí ìkánjú, tí kò sì kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Nítorí ọ̀dà yìí, àwọn kan máa ń sọ pé dígí fèrèsé náà ń ṣàn, pé ìdí nìyẹn tí dígí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Yúróòpù fi nípọn nísàlẹ̀. Ẹ má gbà á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe dígí láyé ìgbà náà ni kò jẹ́ kó tẹ́jú dọ́gba. Edgar Zanotto, ará Brazil, ṣírò rẹ̀ ní 1998, ó sì rí i pé kí irú dígí bẹ́ẹ̀ tó lè ṣàn tó ohun tí ojú máa rí nínú ìtutù ilé, ọjọ́ orí gbogbo àgbáyé kò tó o rárá. Ohun tó há ti há.

Síbẹ̀, àwọn èérún kéékèèké ń kọjá. Ẹ wo fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín yẹn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe dígí ojú rẹ̀, wọ́n rì í sínú iyọ̀ pọtásíọ̀mù yíyọ́, nínú ìgbóná tó tó nǹkan bíi 400 sẹ́ńtígírédì, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Dígí náà kò yọ́, àwọn èérún ńlá inú rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Àmọ́ sódíọ̀mù tó kéré láàárín wọn ń yọ́ jáde, pọtásíọ̀mù ń wọlé rọ́pò rẹ̀, bí ọ̀kadà ṣe ń gba àárín tírélà kọjá nígbà tí gbogbo ọkọ̀ dúró. Pọtásíọ̀mù tóbi ju sódíọ̀mù lọ, ó wá fún ara rẹ̀ mọ́ àyè tí kò gbà á tán, ojú dígí náà wá le koránkorán. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń jábọ́ nígbà mìíràn tí kì í fọ́. Nínú ohun kan náà, lákòókò kan náà, àwọn kan há pátápátá, àwọn kan sì ń rìnrìn àjò.

Ohun tó kù ni èyí tí àwọn onímọ̀ kò tíì parí ìjiyàn lé lórí. Tí ìtutù bá ń pọ̀ sí i, tí dígí náà sì ní àsìkò tó pọ̀ tó, ṣé ìgbà kan ń bọ̀ tí gbogbo èérún máa dúró pátápátá, tí àìrìn á di tòótọ́? Philip Anderson, tó gba ẹ̀bùn Nobel, kọ ọ́ ní 1995 pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ dígí jẹ́ ìṣòro tó jinlẹ̀ jù lọ tí wọn kò tíì yanjú nínú ìmọ̀ nípa àwọn ohun líle. Giorgio Parisi, ará Italy tó gba Nobel ní 2021, ti fi ìṣirò líle ṣiṣẹ́ lórí irú nǹkan tí kò tò wọ̀nyí. Àwọn kan gbà pé ohun kan fara pamọ́ nínú bí àwọn èérún ṣe wà, pé ó ń sún wọn lọ sí ìdúró gidi kan ní ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tó fara pamọ́, pé ìrìn nìkan ló ń ṣòro sí i, bí ọ̀nà ṣe ń ṣòro nígbà tí kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀.

Ní ọdún 2013, Jing Zhao, Sindee Simon àti Gregory McKenna ní Texas ronú ọ̀nà kan tó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní tí àsìkò tó pọ̀ bá jẹ́ ohun tí a nílò, ẹ jẹ́ ká wá dígí tó ti ń dúró láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n mú oje igi tó ti di òkúta, tí wọ́n rí ní Dominican Republic, tó ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ọdún. Oje igi yẹn, dígí ni. Gbogbo àkókò yẹn ni èérún rẹ̀ fi ń rọra wá àyè, díẹ̀díẹ̀, ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè dúró dè é lọ. Wọ́n wọn bó ṣe ń yára dáhùn sí ìfúnpá nínú oríṣiríṣi ìgbóná. Bí àìrìn tòótọ́ bá ń bọ̀, ó yẹ kí àmì rẹ̀ ti máa hàn nínú rẹ̀, kí àsìkò ìdáhùn rẹ̀ máa lọ sí àìlópin. Kò lọ síbẹ̀. Ó gùn, ó gùn gan-an, àmọ́ kò kọjá ohun tí èèyàn lè kà.

Ìjà náà kò tíì tán lórí èyí, torí ẹ̀rí kan kò tó fún ọ̀rọ̀ tó tó báyìí, oje igi kan kì í sì í ṣe gbogbo dígí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ìrìn ni mo wà. Mo ti rí ọ̀nà Mowe yìí lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún, n kò tíì rí ọjọ́ tí ọkọ̀ kankan kò sún rárá láti àárọ̀ dalẹ́, bó ti wù kó há tó. Ẹ wò ó, ìwọ tó fẹ́ lọ ka físíìsì, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: wá bí o ṣe máa ka ìgbà tí èérún kan fi ń bọ́ kúrò láàárín àwọn tó sé e mọ́, kí o kà á fún dígí oríṣiríṣi, kí o fi wé bí ó ṣe ki. Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀.